Ọ̀dú kì í ṣe àìmọ̀ olóko: Ẹ̀fọ́ kún ìgboro Ìkòròdú, ọtí làwọn alágbára èbúté fi ń tún iṣan ṣe!

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni Èbúté Ìkòròdú ti máa ń jí. Bí àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó ṣe ń sáré bọ̀ láti ìgboro, bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń fi agbára jẹun á ti máa dira ní tiwọn. Àwọn kan ń fi ṣọ́bìrì kó yanrìn tí wọ́n wà nínú ọ̀sà jáde kúrò nínú ọkọ̀, àwọn kan ń ru àpò sìmẹ́ńtì, àwọn apẹja ń fa àwọ̀n, àwọn alábàárù sì ti nawọ́ sí ẹrù oníṣòwò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹni tí apá rẹ̀ bá kọ̀ lónìí, kò sí owó fún un lọ́la.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ohun tó ń wọ ẹnu wọn. Láàárọ̀, kí àpò àkọ́kọ́ tó dé èjìká, ọ̀pọ̀ ni yóò ti yà lọ́dọ̀ ìyá alágbo. “Ìyá, ẹ bu ti ara ríro fún mi, kí n lè rí nǹkan gbé.” Bó bá di ọ̀sán, ẹ̀bà tó ga bí òkìtì ni wọ́n máa ń bèèrè, ọbẹ̀ ò ju kí wọ́n fi tọ́ ọ lẹ́nu lọ, pọ̀nmọ́ kan á sì wà lórí rẹ̀. Bí ìyá olóúnjẹ bá ní kóun bu ẹ̀fọ́ sí i, àwàdà tó máa ń jáde lẹ́nu àwọn ọkùnrin ò ju ọ̀kan náà lọ: “Ìyá, ẹ má fi ewé kún ọbẹ̀ mi o, èmi kì í ṣe ewúrẹ́.” Tó bá wá di alẹ́, tí ẹ̀yìn ń dun èèyàn bí ẹni pé wọ́n fi òòlù lù ú, pàrágà àti oògùn oníhóró ló kù.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti èbúté nìkan. Bíríkìlà tó ń to búlọ́ọ̀kù, fọganáísà, lébìrà, obìnrin tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja, àtàwọn ọ̀dọ́ tó da sìmẹ́ńtì sínú agolo, tí wọ́n ń gbé e sókè nírọ̀lẹ́ kí àyà wọn lè fẹ̀, gbogbo wọn ló kàn. Ohun kan náà ni wọ́n ń wá: kí iṣan wọn ki, kó lágbára, kó sì tètè sàn lẹ́yìn iṣẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ ni pé lára ohun tí wọ́n ń wá wà lórí àtẹ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tí wọ́n ń gbà kọjá lójoojúmọ́.

Ìlú tí wọ́n fi ẹ̀fọ́ sọ lórúkọ

Ohun tó wá pa èèyàn lẹ́rìn-ín ni pé bí ìlú kan bá wà nílẹ̀ Yorùbá tí kò yẹ kí wọ́n ti máa pe ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ ní ewúrẹ́, Ìkòròdú ni. Ìtàn tí àwọn baba fi lé ọmọ lọ́wọ́ ni pé àwọn ará Rẹ́mọ tó ti Ṣàgámù wá, tí Ọ̀gà, ọmọ Akarígbò Kóyèlù, ṣáájú wọn, ló tẹ ibẹ̀ dó. Oko Ọ̀dú ni wọ́n ń pe ibẹ̀ nígbà náà, nítorí ẹ̀fọ́ ọ̀dú tó wà níbẹ̀. Bí ẹnu ṣe ń yí orúkọ yẹn ló di Ìkòròdú. Títí dòní, Ìkòròdú Ọ̀gà ni wọ́n ń pe ìlú náà bí wọ́n bá fẹ́ yẹ́ ẹ sí.

Ọ̀dú kì í ṣe ẹ̀fọ́ kékeré láàárín ẹ̀fọ́. Ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀, ó korò díẹ̀ lẹ́nu, èso rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó sì máa ń dúdú bó bá pọ́n. Òun làwọn àgbà fi pòwe pé ọ̀dú kì í ṣe àìmọ̀ olóko, ìyẹn ni pé ohun tó gbajúmọ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó ni ín. Àmọ́ lónìí, ó jọ pé olóko ti gbàgbé ọ̀dú rẹ̀.

Iṣẹ́ ẹrù rírù náà kì í ṣe tòní níbẹ̀. Láyé ìgbà tí kò sí ọ̀nà ọ̀dà, Ìkòròdú ni ẹrù tó ń bọ̀ láti Rẹ́mọ ti máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Ojú ọ̀nà òwò yìí wà lára ohun tó fa ìjà tí àwọn Ẹ̀gbá fi dó ti ìlú náà, títí tí Glover tó ń ṣàkóso Èkó fi rán ọmọ ogun lọ tú wọn ká lọ́dún 1865. Orí àti èjìká ni wọ́n fi ń gbé gbogbo ẹrù ìgbà yẹn, kò sì sí oògùn oníhóró kankan fún ẹni tó ń gbé e. Oúnjẹ àti oorun ni wọ́n gbójú lé.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i

Iṣan tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé kì í ṣe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà o. Ẹran ara tó ki ní apá, èjìká, ẹ̀yìn àti itan ni, èyí tí àwọn ọmọ tó ń gbé irin ń pè ní mọ́súlù. Bí èèyàn bá ru ẹrù tó wúwo, tàbí tó ṣe iṣẹ́ tí ara rẹ̀ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn fọ́nrán tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà nínú iṣan náà á já níbì kan níbì kan. Kì í ṣe àìsàn, bí iṣẹ́ agbára ṣe máa ń rí nìyẹn. Ìdí nìyí tí ara fi máa ń ro èèyàn lọ́jọ́ kejì, ó sì lè wọ ọjọ́ kẹta.

Lẹ́yìn iṣẹ́ ni ara á wá bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Á di ibi tó já, á sì tún fi kún un, kí ẹrù irú ìyẹn má baà ṣe é lọ́ṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bí iṣan ṣe ń ki nìyẹn, kò sí idán kankan níbẹ̀. Àtúnṣe yìí máa ń gbóná janjan fún bíi wákàtí 24 sí 48 lẹ́yìn iṣẹ́ tó le. Ẹni tí kò bá wá rí oúnjẹ gidi jẹ láàárín àsìkò yẹn, tí kò sì sùn, ńṣe ló ń wó ilé lójoojúmọ́ láìkọ́ ọ. Láìpẹ́, ọkùnrin tó ń gbé àpò méjì tẹ́lẹ̀ á máa mí gúlegúle lábẹ́ ẹyọ kan.

Àwọn ará èbúté mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé, nítorí yanrìn ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Búlọ́ọ̀kù nìkan kò lè dilé, yanrìn nìkan kò lè dilé. Nínú ara, èròjà amúaradàgbà tí wọ́n ń pè ní pùròtéènì ni búlọ́ọ̀kù. Inú ẹja, ẹyin, ẹran, ẹ̀wà àti sóyà ló pọ̀ sí. Ẹ̀bà, ìrẹsì àti iṣu ló ń fún àwọn òṣìṣẹ́ lágbára láti ṣiṣẹ́. Ẹ̀fọ́ wá ni omi tí wọ́n fi ń po ó, òun náà ló tún gbé irin iṣẹ́ fún bíríkìlà. Ẹni tó bá kó búlọ́ọ̀kù jọ láìsí omi, ó ti kó búlọ́ọ̀kù jọ ni, kò tíì kọ́lé.

Kí ló wà nínú ewé gan-an?

Àkọ́kọ́ ni èròjà irin. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé afẹ́fẹ́ lọ bá iṣan lẹ́nu iṣẹ́, irin ló sì fi ń gbé e. Ẹni tí irin ara rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, bó ti wù kí àyà rẹ̀ fẹ̀ tó, á tètè máa rẹ̀ ẹ́. Èyí kan àwọn obìnrin jù. Obìnrin tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù nílò irin lójúmọ́ ju ìlọ́po méjì ti ọkùnrin lọ, bẹ́ẹ̀ ìyàwó ilé tó ń gbé ẹja láti èbúté lọ sọ́jà náà ló máa ń fi ẹran fún ọkọ àtọmọ, tí òun á fi omi ọbẹ̀ jẹun.

Èkejì ni folic acid, èyí tí wọ́n ń fún àwọn aláboyún nílé ìwòsàn ní hóró. Ara ń lò ó láti ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun àti ẹran ara tuntun, ewé tútù sì jẹ́ ibi kan tó ti máa ń rí i. Ẹ̀kẹta ni magnesium, òun ló wà láàárín àwọ̀ ewé fúnra rẹ̀, ìyẹn ni pé kò sí ẹ̀fọ́ tútù tí kò ní in. Iṣan nílò rẹ̀ láti sún kì àti láti tú. Bẹ́ẹ̀ náà ni potassium, tí iṣan àti ọkàn fi ń ṣiṣẹ́. Fítámì C wà níbẹ̀ fún okùn tó so iṣan mọ́ eegun, fítámì K sì wà fún eegun àti fún ẹ̀jẹ̀ tó gbọ́dọ̀ dì bí èèyàn bá fara gbọgbẹ́.

Èyí tó wá jẹ́ ìyanu fún àwọn onímọ̀ ni nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní nitrate. Àwọn ẹ̀fọ́ eléwé máa ń fà á láti inú ilẹ̀, tẹ̀tẹ̀ sì wà lára àwọn tó máa ń ní in púpọ̀. Bí èèyàn bá jẹ ẹ́, àwọn kòkòrò kéékèèké tó wà lórí ahọ́n, tí kì í ṣe ọ̀tá, á yí i padà, ara á sì sọ ọ́ di ohun tó ń mú kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ fẹ̀. Bí ọ̀nà bá fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ráyè dé ọ̀dọ̀ iṣan.

Popeye ò parọ́ tán

Àwọn tó wo àwòrán eré Popeye nígbà èwe wọn á rántí pé ọmọ orí omi lòun náà. Ọdún 1929 ni E. C. Segar kọ́kọ́ ya á sínú ìwé ìròyìn ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá ti na Popeye dójú ikú, á já agolo ẹ̀fọ́, á dà á sẹ́nu, apá rẹ̀ á sì wú lójú ẹsẹ̀, ó di kó máa fi ẹ̀ṣẹ́ kó àwọn ọ̀tá rẹ̀ jọ. Irọ́ ni lójú ẹsẹ̀ yẹn. Kò sí ẹ̀fọ́ tó ń wú apá èèyàn ní ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ àwọn onímọ̀ ti wá rí i pé gbogbo rẹ̀ kọ́ nirọ́.

Lọ́dún 2007, àwọn olùwádìí ní Karolinska, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó wà ní Stockholm lórílẹ̀-èdè Sweden, fún ọkùnrin 9 tí ara wọn le ní nitrate fún ọjọ́ 3, ìwọ̀n tí èèyàn lè rí nínú abọ́ ẹ̀fọ́ kan tó kún. Wọ́n wá ní kí wọ́n máa wa kẹ̀kẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ara wọn lò fún un dín kù. Ìyẹn dà bí mọ́tò tó ń rin ìrìn kan náà, tí epo tó ń jẹ kò tó ti àná.

Lọ́dún 2021, àwọn ti Edith Cowan University lórílẹ̀-èdè Australia gbé tiwọn jáde. Èèyàn 3,759 ni wọ́n wo àkọsílẹ̀ oúnjẹ wọn láàárín ọdún 12. Wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ àwọn tó ń jẹ nitrate jù, tó sì jẹ́ pé inú ẹ̀fọ́ ni wọ́n ti ń rí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, fi ìdá 11 nínú ìdá 100 lágbára ju ti àwọn tó ń jẹ ẹ́ kéré jù lọ. Ìrìn wọn náà yá jù. Kò sì pọn dandan kí wọ́n jẹ́ eléré ìdárayá kó tó rí bẹ́ẹ̀. Bíi ife ẹ̀fọ́ kan lójúmọ́ ni wọ́n ní ó tó. Òótọ́ ni pé irú ìwádìí báyìí kò lè fi gbogbo ara sọ pé ẹ̀fọ́ nìkan ló fà á, torí ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ lè máa ṣe àwọn nǹkan rere mìíràn. Ṣùgbọ́n bó ṣe bá ti Sweden mu yẹn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ewúrẹ́.

Èyí ṣe pàtàkì fún àwọn tó ti ń dàgbà. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù díẹ̀díẹ̀, bí onítọ̀hún kò bá sì tọ́jú rẹ̀, ọjọ́ ogbó ló máa mọ̀ ọ́n, nígbà tí dídìde lórí àga á di iṣẹ́.

Ẹ̀fọ́ nìkan ò lè gbé sìmẹ́ńtì

Ká má wá ti ojú kan bọ́ sí òmíràn o. Àwọn kan wà tí wọ́n bá gbọ́ báyìí, ẹ̀fọ́ nìkan ni wọ́n á máa jẹ, wọ́n á ní àwọn ń wá àyà. Ìṣirò wà níbẹ̀. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ eré ìdárayá ń lò ni pé ẹni tó ń fi ara ṣe iṣẹ́ agbára nílò pùròtéènì gíráàmù 1.2 ó kéré tán fún kílò ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ọkùnrin tó wọn kílò 70 nílò gíráàmù 84 nìyẹn. Tẹ̀tẹ̀ tútù gíráàmù 100 kò ní ju bíi gíráàmù 2 sí 3 lọ nínú. Bó bá jẹ́ tẹ̀tẹ̀ nìkan ni bàbá náà fẹ́ fi rí i, á jẹ tó kílò 3 sí 4 lójúmọ́. Ìgbà yẹn gan-an ló máa di ewúrẹ́ lóòótọ́!

Ẹ wá wo èyí tó rọrùn. Ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 150, tí wọ́n bá sè é, á mú bíi gíráàmù 34 wá. Ẹyin méjì, 12. Ẹja gíráàmù 100 lọ́sàn-án àti 100 lálẹ́, bíi 40. Ó ti lé ní 84 nìyẹn, ẹran màlúù ò sì yọjú. Irú àti ẹ̀gúsí tí wọ́n fi se ẹ̀fọ́ á tún bù kún un. Agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kò sì jìnnà sẹ́ja. Ẹpìyà, àrọ̀ àti òbọ̀kún ń ti inú ọ̀sà wá, ọjà Òlúwo ní Ẹ̀pẹ́ sì ti gbajúmọ̀ fún ẹja kọjá ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká ẹja ńlá lè ra wẹ́wẹ́, kó rún un tegungun tegungun sínú ẹ̀fọ́.

Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Pọ̀nmọ́ dùn, kò sẹ́ni tó ń jà á níyàn. Àmọ́ awọ ni awọ ń jẹ́. Irú pùròtéènì tó wà nínú rẹ̀ kò pé, ọ̀kan lára èròjà tí iṣan kò lè ṣe aláìní kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ pọ̀nmọ́ kó jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kó má fi rọ́pò ẹja.

Ohun tí pàrágà ń ṣe lálẹ́

Ibí yìí ló yẹ káwọn ọkùnrin èbúté ti fetí sílẹ̀ dáadáa. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí ní Melbourne, lórílẹ̀-èdè Australia, kó ọkùnrin 8 jọ, wọ́n ní kí wọ́n ṣe eré ìdárayá tó le. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fún wọn ní pùròtéènì nìkan lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n fún wọn ní pùròtéènì, wọ́n sì tún fún wọn ní ọtí tó pọ̀ gan-an. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n fún wọn ní ọtí pẹ̀lú oúnjẹ afúnnilókun láìsí pùròtéènì. Ọjọ́ tí wọ́n mu ọtí lé pùròtéènì, àtúnṣe iṣan fi ìdá 24 nínú 100 dín kù. Ọjọ́ tó jẹ́ ọtí àti oúnjẹ afúnnilókun, ó dín kù ní ìdá 37. Ẹ tún un gbọ́ o: ọtí àti oúnjẹ afúnnilókun. Kí ni wọ́n ń pè ní ẹ̀bà ńlá, ọbẹ̀ díẹ̀ àti pàrágà lálẹ́, bí kì í bá ṣe ìyẹn? Ọkùnrin náà rò pé òun ń tọ́jú ara, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń lé bíríkìlà kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ti oògùn oníhóró wá burú ju ìyẹn lọ. Tírámádọ́ọ̀lù kì í tún iṣan ṣe, ẹnu ìrora ló ń dì. Ìrora sì ni ara fi ń kìlọ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìkìlọ̀ yẹn mọ́ á gbé ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì gbowó náà. Oògùn yìí ń di bárakú, ó sì lè mú kí gìrì mú àgbàlagbà. Àjọ NAFDAC kò fọwọ́ sí èyí tó bá ju mílígíráàmù 100 lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń tà á lábẹ́lẹ̀ ń ta èyí tó ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Àwọn oògùn ara ríro mìíràn tí èèyàn ń gbé mì lójoojúmọ́ láìsí àṣẹ dókítà náà lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Bí ara bá ro èèyàn gidigidi lẹ́yìn iṣẹ́ àṣekúdórógbó, tí ìtọ̀ rẹ̀ wá dúdú bíi kóòkì, iṣan ló ti já jù, ìdọ̀tí rẹ̀ sì ti ń dí kíndìnrín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbo, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ náà. Ilé ìwòsàn ìjọba ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Èwo ni kí wọ́n rà, báwo ni kí wọ́n ṣe sè é?

Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti wá ẹ̀fọ́ òyìnbó kiri súpámákẹ́ẹ̀tì. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, gbúre, ugwu, ewúro, ẹ̀bọ̀lọ̀ àti ọ̀dú fúnra rẹ̀, gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́. Èèyàn lè rí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ọjà Sábó, àwọn ìyá tó ń tà á kiri àdúgbò náà sì wà. Ó dáa kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ohun tí ọ̀kan kò ní púpọ̀, òmíràn ní in. Ẹni tó bá ra ọ̀dú kó ṣa èso rẹ̀ tí kò tíì pọ́n dànù, nítorí májèlé wà nínú èyí tó ṣì tutù, kó sì se ewé náà jinná.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń sè é, àṣìṣe kan ló wọ́pọ̀. Wọ́n á gé ẹ̀fọ́ tán kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, wọ́n á bọ̀ ọ́ títí á fi yí àwọ̀, wọ́n á fún un bí aṣọ, wọ́n á sì da omi rẹ̀ nù. Inú omi yẹn ni fítámì C, folic acid àti nitrate ń bá lọ. Ohun tó dáa ni kí wọ́n fọ̀ ọ́ dáadáa lódindi, pàápàá èyí tí wọ́n gbìn sẹ́bàá títì tàbí kòtò omi ìdọ̀tí, kí wọ́n wá gé e, kó sì wọ inú ọbẹ̀ tó ti jinná, kó má lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lórí iná. Ewúro nìkan ni èèyàn lè bo kí kíkorò rẹ̀ lè dín.

Ata rodo àti tòmátì tí wọ́n fi ń se ẹ̀fọ́ rírò kì í ṣe fún adùn nìkan. Fítámì C inú wọn ló ń jẹ́ kí ara rí irin inú ewé gbà. Ẹja àti ẹran náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Epo pupa níwọ̀nba ń jẹ́ kí fítámì A àti K wọ ara. Tíì ni kí wọ́n má mu lé e, nítorí ó ń dí irin lọ́nà. Kó di bíi wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Àwọn tó sì ń fi oògùn apakòkòrò yọ ẹnu láràárọ̀ kí ẹnu má baà rùn, kí wọ́n mọ̀ pé ó ń pa àwọn kòkòrò orí ahọ́n tó ń ṣiṣẹ́ nitrate. Pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì ti tó.

Nípa ìwọ̀n, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó gíráàmù 400 ó kéré tán lójúmọ́. Abọ́ ẹ̀fọ́ kan tó kún dáadáa, pẹ̀lú ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ, á sún mọ́ ọn. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ṣíbí kan tọ́ sórí ẹ̀bà kò sí lára ìyẹn.

Àwọn tó gbọ́dọ̀ bi dókítà léèrè

Gbogbo ara kọ́ ni ẹ̀fọ́ púpọ̀ tètè bá mu. Ẹni tí dókítà fún ní oògùn warfarin kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà dì, kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé sọ ẹ̀fọ́ di púpọ̀ tàbí kó pa á tì, nítorí fítámì K ń bá oògùn náà jà; ìwọ̀n kan náà ni kó máa jẹ, kó sì jẹ́ kí dókítà mọ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ ní láti ṣọ́ra fún potassium. Ẹni tí òkúta ti dá sí ní kíndìnrín rí, kó bọ tẹ̀tẹ̀ rẹ̀, kó sì da omi rẹ̀ nù, torí nǹkan tó ń di òkúta wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kó má dédé máa mu omi ewúro ní ife ife, kí ṣúgà ara má baà já wálẹ̀ jù.

Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, kò sóhun tó ń dá ẹnikẹ́ni dúró. Ọmọ tó ń gbé irin kò nílò kó lọ ra ìyẹ̀fun olówó gọbọi inú ike kí àyà rẹ̀ tó fẹ̀. Ẹ̀wà láàárọ̀, ẹ̀fọ́ tó ní ẹja lọ́sàn-án, ẹ̀fọ́ tàbí ewédú pẹ̀lú ẹyin tàbí ẹja lálẹ́, omi tó pọ̀ nítorí òógùn, àti oorun wákàtí méje sí mẹ́jọ. Kó ṣe é fún oṣù mẹ́ta, kó máa gbé irin rẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àwọn ìyá olóúnjẹ èbúté náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí oníbàárà bá ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀bà ga, wọ́n lè dín òkèlè kan kù, kí wọ́n fi ìpọnbẹ̀ ẹ̀fọ́ kan rọ́pò rẹ̀ lówó kan náà. Bó bá tún dápàárá ewúrẹ́, kí wọ́n bi í léèrè bóyá ó mọ ohun tí wọ́n fi sọ ìlú tó dúró sí lórúkọ. Okun inú la fi ń gbé tìta. Ẹrù tó wà lórí àwọn ọkùnrin Èbúté Ìkòròdú wúwo, ilé, ọmọ àti owó ilé ìwé sì wà lórí ẹrù yẹn. Kò yẹ kó jẹ́ ọtí ni wọn yóò fi gbé e, nígbà tí ọ̀dú wà lọ́jà.